Ààlè Tí Mo Pa Lẹ́yìn Ilé Ìsìn Mẹ́dáàdì Mímọ́

Èmi Ọmọ́kẹ́mi, ìyàwó Ọlájídé, ni mo di kálàmù mú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni bàbá ọkọ mi, Gbádégẹṣin ọmọ Àkànní, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ láti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Lake Arbor nílùú òyìnbó níhìn-ín láti ìgbà òtútù tó kọjá. Wọn kò kàwé. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àwọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ èébú kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé Alàgbà Mobáyọ̀, ọmọ ìjọ wa, ti ní òun yóò gé àgbàdo wọn. Bàbá fẹ́ kí ẹ̀rí wà nílẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Júùnù, 1996

Òjò ń rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Kọ ìyẹn ná.

Ọgọ́ta hóró ni mo gbìn. Eku jẹ díẹ̀, òtútù pa díẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló hù. Àgbàdo funfun bàbá mi ni. Nílé, kòkòrò ti jẹ èyí tó wà ní àká tán lọ́dún tí àbúrò mi kú, títì ọlọ́dà sì ti gba ilẹ̀ oko náà. Ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo ló kù, ọgọ́ta hóró péré ló ṣẹ́kù lára rẹ̀, òun ni mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé tí mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí èyí tí mo gbìn yìí kò bá gbó kó sì gbẹ, ó tán láyé nìyẹn. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ní àdúgbò ọmọ mi, koríko nìkan ni wọ́n gbà kí èèyàn gbìn síwájú ilé. Felicia ló ṣàánú mi. Òun ló ń tọ́jú ilé ìsìn kékeré kan ní Glenarden, níbi tí àwa Áńgílíkà ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe ìsìn tiwa lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Dúdú ni òun náà, ọmọ ilẹ̀ yìí, bàbá rẹ̀ sì gbin tábà. Ó fún mi ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé náà. Ó fún Mobáyọ̀ ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Felicia ní òní ni ọjọ́ Mẹ́dáàdì Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Faransé kan láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìsìn náà. Ó ní bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ rẹ̀, ogójì ọjọ́ ni yóò fi máa rọ̀. Mo ní kí Ọmọ́kẹ́mi bi í bóyá bíṣọ́ọ̀bù náà gbin àgbàdo rí. Ó ní rárá, ọgbà àjàrà ló ní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òjò.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mobáyọ̀ tún sọ ọ́ lónìí lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo èèyàn. Akọ̀wé rélùwéè ni ní Ìbàdàn nígbà kan, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè.

"Bàbá Jídé, àgbàdo yín ti ń dí tòmátò mi lójú oòrùn."

"Òjò ló ń rọ̀ láti ọjọ́ kẹjọ. Oòrùn wo lo rí?"

"Ìlú òyìnbó la wà, Bàbá. Sítóò ni wọ́n ti ń ra àgbàdo níhìn-ín."

"Kí ló dé tí ìwọ kò lọ ra tòmátò níbẹ̀?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bó bá ti kọjá èjìká òun, òun yóò gé e. Mo ní kó gé e, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tí yóò fi gé e hàn mí kí n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọgbọ̀njọ́

Òjò kò jẹ́ ká lọ sílé, Felicia bá mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, ó ń kà, Ọmọ́kẹ́mi ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí Mẹ́dáàdì wà lọ́mọdé, òjò ká a mọ́ inú pápá, ẹyẹ idì kan sì na ìyẹ́ bò ó lórí títí òjò fi dá. Òun ni wọ́n yà sí gíláàsì fèrèsé iwájú ilé ìsìn wa. Nígbà tó kú, ọba sin ín sí ìlú kan tó ń jẹ́ Suasọ́ọ̀n, wọ́n sì kọ́ ilé ńlá lé e lórí, tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ àdúrà, ọkùnrin tí kì í gbéyàwó, ń gbé. Àwọn èèyàn a máa wá búra níbi ibojì rẹ̀. Ogun àti ọ̀tẹ̀ wó ilé náà lulẹ̀, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí nìkan ló ṣẹ́kù. Inú yàrá yẹn ni bàbá Felicia sá sí nígbà tó jẹ́ sójà ní ilẹ̀ Faransé, tí ìbọn ń dún lórí wọn. Ó ṣèlérí pé bí òun bá délé, òun yóò kọ́ ilé fún ẹni tó ni ibẹ̀. Ó gbé òkúta kan níbẹ̀ sínú àpò ẹrù rẹ̀. Òkúta náà nìyẹn lábẹ́ fèrèsé, ó tó orí ọmọ ọwọ́.

Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Olè wọ ọgbà àjàrà bíṣọ́ọ̀bù yìí, ó já àjàrà, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn. Ó yípo títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n sì bá a níbẹ̀ tòun ti ẹrù. Kí ni bíṣọ́ọ̀bù ṣe? Ó ní kó máa gbé àjàrà náà lọ, òun ti fi ta á lọ́rẹ. Mo ní kí Ọmọ́kẹ́mi tún un kà. Ó tún un kà. Ó ta á lọ́rẹ!

Irú bíṣọ́ọ̀bù wo lèyí? Ní oko bàbá mi, bí ọ̀nà bá dí mọ́ ọ nínú oko olóko, pàṣán la fi ń júwe rẹ̀ fún ọ.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Júláì

Tẹlifíṣọ̀n kéde ìjì. Ọlájídé ní kí n má jáde. Mo dúró de ìyàwó rẹ̀ títí ó fi dé láti ọsibítù níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, mo ní, "Ìyàwó wa, àgbàdo." Kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. Okùn dọ́là mẹ́ta la rà lọ́nà. Mo ń so, ó ń di pòròpórò mú bí ẹni di aláìsàn mú, omi ń ṣàn láti orí rẹ̀. Kò sí èyí tó ṣubú.

Ọmọ́kẹ́mi ní kò yẹ kí òun kọ ìyìn ara òun. Mo ní iṣẹ́ mi ni kí n sọ, tirẹ̀ ni kó kọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ogójì ọjọ́ pé lánàá. Òjò tún rọ̀ lónìí. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò mọ ìṣirò.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì

Ó ti ga dé ẹ̀bá òrùlé, kò tíì yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Nílé, à bá ti jẹ ẹ́ tán. Mo rò pé oòrùn ibí ló ń tàn án jẹ. Aago mẹ́jọ alẹ́, ojúmọ́ ṣì mọ́ kedere, báwo ni àgbàdo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ?

Mobáyọ̀ dúró lẹ́bàá ọgbà, ó gbé tòmátò mẹ́rin lọ́wọ́. "Bàbá Jídé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé igi gẹdú lẹ gbìn? Bó bá tó pákó kí ẹ pè mí, mo ń wá ìlẹ̀kùn."

Mo ń tu èpò mi lọ. Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. Ọjọ́ tèmi ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Ìrùkẹ̀rẹ̀ yọ! Mẹ́ta lónìí. Mo bú sẹ́kún, kọ ọ́.

Sátidé, ọjọ́ keje oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìjì lánàá. Mẹ́sàn-án dá. Méjìlélógún ló dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbé ọmọ kan pọ̀n. Ìhòòhò ni àgbàdo ń wọ ilẹ̀, igba aṣọ ló fi ń jáde.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n ti jí méjì.

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ya ọmọ méjì kúrò lára àgbàdo bàbá mi, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní tútù níbẹ̀. Kì í ṣe àgbọ̀nrín. Àgbọ̀nrín kì í ṣí háhá. Eyín èèyàn wà lára ṣùkù, abẹ́ tòmátò Mobáyọ̀ ni mo sì ti ṣa ṣùkù náà.

Mo dìde dúró báyìí, mo sì ṣí fìlà. Ẹni tó jẹ àgbàdo bàbá mi, kó má rí ọmọ tí yóò jogún tirẹ̀. Ohun tó bá gbìn, kó má yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Bó bá yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, kó má yọmọ. Bí orúkọ mi ṣe fẹ́ parẹ́ nínú àgbàdo yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí tirẹ̀ parẹ́.

Ọmọ́kẹ́mi ní ó rẹ òun. Mo ní kó kọ ọ́ tán kó tó lọ sinmi. Ó kọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejìlélógún

Mo pa ààlè. Mo fi àkísà pupa, òòyà tó ti ká léyín, àjákù sálúbàtà àti ṣùkù tí olè jẹ kù so mọ́ orí igi, mo sì ri igi náà mọ́ àárín àgbàdo. Ẹni tó bá ti ilé wá tó rí i, yóò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn obìnrin ìjọ gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi mọ́tò wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Felicia bi mí léèrè ohun tí mo gbé kọ́. Mo ṣàlàyé. Ó ní bàbá òun a máa so òkú ẹyẹ kannakánná kọ́ sí oko tábà. Ó tún mú ìwé rẹ̀.

Ó ní olè kan jí màlúù bíṣọ́ọ̀bù Mẹ́dáàdì. Agogo wà lọ́rùn rẹ̀. Olè já agogo náà, ó fi koríko dí i lẹ́nu, ó tì í mọ́ inú àpótí, síbẹ̀ ó ń dún. Ó dún títí olè fi gbé màlúù padà fúnra rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Má jí mọ́," agogo sì dákẹ́.

Apá ìkẹyìn yẹn kò wù mí. Ṣùgbọ́n agogo wù mí. Mo tọrọ agogo kékeré kan tí Felicia ń lò fún ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo sì so ó mọ́ ààlè. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, a dún. Ọmọ́kẹ́mi kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mobáyọ̀ dìde nígbà ìkéde. Ó ní àwọn kan ti gbé òrìṣà wọ ilé Ọlọ́run, kí ìjọ sọ fún Bàbá Jídé kó tu ohun tó wà lẹ́yìn ilé, kó sì gé igbó àgbàdo náà.

Mo dìde. Mo ní ẹni tí ààlè bá ń bà lẹ́rù ni kí a wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní abẹ́ tòmátò rẹ̀ ni mo ti rí ṣùkù.

"Bàbá Jídé, èmi lẹ ń pè lólè?"

"Mo ti pè ọ́ tán. Ìdáhùn ni mo ń dúró dè."

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ fèrèsé. "Ó dáa. Òkúta tí ẹ kúndùn yẹn, èmi yóò gbé ọwọ́ lé e lọ́jọ́ Sátidé, èmi yóò sì búra. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí nǹkan kan kò ṣe mí, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fi ọwọ́ yín gé àgbàdo náà. Gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó máa wò yín."

Mo ní mo gbà. Ọlájídé fà mí ní aṣọ, ṣùgbọ́n mo ti gbà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Ọkitóbà

Ọlájídé ní n kò ní lọ síbi ìbúra kankan, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má gbé mi. Ó ní ìtìjú ni lójú àwọn èèyàn. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí n sùn lórí àgbàdo yìí láti Júùnù, ẹ wá fi ta tẹ́tẹ́!"

Nínú ìwé Felicia, ọba kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba adé lórí rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Mẹ́dáàdì yìí gan-an, ní Suasọ́ọ̀n, wọ́n ní kó máa gbàdúrà. Mo sọ ìtàn náà fún Ọlájídé. Mo ní ọba náà jáde kẹ́yìn, ó sì gba adé rẹ̀ padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ni rímóòtù tẹlifíṣọ̀n ilé yìí. Adé wo lẹ tún ń wá?"

Mo ní kó gbé mi lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ó fẹsẹ̀ rìn ín.

Sátidé, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ́kẹ́mi ló gbé mi lọ. Mobáyọ̀ wọ kóòtù dúdú. Ó kúnlẹ̀ níwájú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé òkúta tó ti abẹ́ ilẹ̀ Mẹ́dáàdì wá, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́: "Bí ọwọ́ mi bá kan àgbàdo Gbádégẹṣin, tàbí mo rán ẹni kan sí i, tàbí mo mọ ẹni tó jẹ ẹ́, kí n má rí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀."

Felicia ní kí Ọmọ́kẹ́mi túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ọmọ́kẹ́mi bẹ̀rẹ̀, kò parí rẹ̀ tó fi jáde lọ bì sẹ́yìn ilé. Ó ní oúnjẹ ọsibítù ni.

Mo ti wo àgbàdo náà. Ogún ọmọ. Ìdí hóró ti ń dúdú lára àwọn kan, àmì pé wọ́n ti ń gbó, àwọn kan ṣì ní omi. Wọ́n nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọjọ́ méje ni mo ní. Nítorí náà Mobáyọ̀ gbọ́dọ̀ ṣàìsàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo ní kí Ọmọ́kẹ́mi pè é lórí fóònù kó bi í bó ṣe wà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá kọ́ ló sọ èyí. Èmi Ọmọ́kẹ́mi ni. Wọ́n ń tòògbé lórí àga ní pálọ̀, oòrùn wà lójú wọn.

Èmi ni mo jẹ àgbàdo náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù tó kọjá, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀, mo sì yà síbẹ̀ kí n lè wá sọ fún Bàbá bí ó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé mo lóyún, lẹ́yìn ọdún méje. Ọlájídé nìkan ni mo sọ fún. Òórùn àgbàdo tútù náà ló mú mi. Mo ya ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, bí ewúrẹ́. Mo tún ya èkejì. Mo ju ṣùkù sẹ́yìn láìwo ibi tó bọ́ sí. Mo ní n ó sọ fún wọn bí mo bá jí lójú oorun.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n kọ èpè, mo sì kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ pé kí ẹni tó jẹ ẹ́ má rí ọmọ tí yóò jogún tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tó ń mú oyún dúró, mo sì mọ ohun tó ń wó o. Síbẹ̀, n kò lè ṣí ojú ewé yẹn láti ọjọ́ náà, mo sì ń gbọ́ agogo yẹn ní ọsibítù.

Lọ́la n ó ka èyí sí Bàbá létí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ó kà á. Mo ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà mo ní kó gbé ìwé kúrò níwájú mi. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó ní kó gbé e padà.

Kọ ọ́. Mo fẹ́ na ẹnì kan, n kò rí ẹni tí n ó nà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń pọ́n ọ̀bẹ de Mobáyọ̀, ọmọ-ọmọ mi tí kò tíì lórúkọ ni mo nà án sí.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Bàbá."

"Ẹ̀rù mi bà ọ́. Ẹ̀rù àgbàdo mi kò bà ọ́?"

Ó ń sunkún, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń bínú. Ọ̀la ni ọjọ́ keje, Mobáyọ̀ kò sì ní kú, nítorí kò ṣe nǹkan kan. Mo ti fún un lọ́rọ̀. Ọlájídé ní òun lè lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ Àkànní kì í rán ọmọ lọ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Sátidé, ọjọ́ kejìlá

Mobáyọ̀ ti ṣáájú èmi, Ọlájídé àti Ọmọ́kẹ́mi dé. Ó gbé àga wá láti inú ilé ìsìn, ó jókòó lé e.

"Ọjọ́ keje pé, Bàbá Jídé. Mo ṣì wà."

"Mo rí ọ."

"Mo tiẹ̀ tún sanra sí i."

Kí n tó sọ̀rọ̀, Ọmọ́kẹ́mi ti kúnlẹ̀ nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Alàgbà, èmi ni mo jẹ ẹ́. Nítorí mi ni wọ́n ṣe pè yín lólè."

Mobáyọ̀ wò ó. Ó wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó rín in títí ó fi di àga mú. "Nínú ilé yín! Akọ̀wé èpè yín ni olè yín! Ẹ wá gbé èmi kúnlẹ̀ síwájú òkúta Faransé, pẹ̀lú orúnkún mi yìí!"

"Rín in tán."

"Kò lè tán lọ́dún yìí, Bàbá. Dìde, ọmọ mi, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ kò dára fún ẹni bíi tìẹ." Ó ti rí ohun tí èmi tí mò ń bá a gbélé kò rí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Ṣùgbọ́n ẹ gé e. Lójú ìjọ lẹ ti pè mí lólè. Ọ̀rọ̀ la sọ."

Ọ̀rọ̀ la sọ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ èmi ló wà ní ipò rẹ̀, n ó ní kó gé e lẹ́ẹ̀mejì.

Ààlè ni mo kọ́kọ́ tú, nítorí ọwọ́ tó pa á ni ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ tú u. Mo di agogo náà mú kó má bàa dún. Felicia gbé ọ̀bẹ tábà bàbá rẹ̀ fún mi, ó bi Ọmọ́kẹ́mi ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ọmọ́kẹ́mi sọ ọ́. Mo tẹ̀ ba, mo gbá ìdí àgbàdo kìíní mú. Mo rí bàbá mi níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Felicia pariwo. "Mista Gẹ́ṣin! Gé e láti ìdí pátápátá. Má ya ọmọ kankan!"

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe tábà ní agbègbè yìí nìyẹn. Wọn kì í já ewé rẹ̀. Odindi igi ni wọ́n ń gé, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò sínú àbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba àárín pákó rẹ̀ kọjá, ohun tó wà nínú igi á sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ bá ohun tó wà lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Àbà bàbá rẹ̀ ṣì dúró ní Upper Marlboro, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo gé gbogbo rẹ̀. Ọlájídé àti Felicia ń dì í, Mobáyọ̀ jókòó, ó ń wò. Nígbà tó kù méjì, ó dìde, ó bọ́ kóòtù, ó sì gbé ìdì kan sí èjìká lọ sínú mọ́tò. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ọ́ pé n kò dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, ogúnjọ́

Ìrì dídì bo ilẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó funfun bí iyọ̀. Gbogbo ewéko lẹ́yìn ilé ìsìn ti dúdú. Ká ní àgbàdo mi ṣì dúró níbẹ̀ ni, àwọn tó ní omi nínú ì bá ti kú sórí ìdúró.

Mobáyọ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ èyí.

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Nofẹ́ńbà

A sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí nínú àbà. Mẹ́ta rún. Mẹ́tàdínlógún gbẹ kankan, tí mo bá gbọ̀n ọ́n, a máa dún. Ó ju èyí tí mo gbé wá nínú ìbọ̀sẹ̀ lọ lọ́nà mẹ́tàdínlógún.

Felicia gba ọ̀kan, ó ní òun yóò gbé e sẹ́bàá òkúta. Mo fún Mobáyọ̀ náà ní ọ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Mo ní kó gbìn ín sí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí òjìji rẹ̀ lè bo tòmátò rẹ̀ láti ilé ara rẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ ti ṣẹ́gun mi, Bàbá Jídé," ó sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí àpò àyà.

Ó ku ìdájọ́ olè.

Ọmọ́kẹ́mi fẹ́ ya ojú ewé èpè náà jù sínú iná. Mo ní rárá. Ohun tí a kọ, ẹ jẹ́ kó wà, kí ọmọ náà lè mọ irú ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́. Kó fa ìlà gba àárín rẹ̀, èmi yóò sì tẹ àtàǹpàkò mi sórí ìlà náà, ọwọ́ mi ni mo fi ń kó o kúrò. Ó ti fà á. Mo ti tẹ̀ ẹ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ agogo màlúù náà. Kì í ṣe olè nìkan ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹni tó ni màlúù náà ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Mẹ́dáàdì fi àjàrà ta olè lọ́rẹ, ó ní kó máa lọ. Èmi fi àgbàdo ta olè lọ́rẹ, mo sì ní kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀san mi rèé: Ọmọ́kẹ́mi ìyàwó Ọlájídé, tó jẹ méjì, yóò máa gbin àgbàdo Àkànní ní gbogbo oṣù Méè tí Ọlọ́run bá dá, nínú òjò, yálà iṣẹ́ ọsibítù pọ̀ tàbí kò pọ̀, bí mo bá wà tàbí n kò sí. Kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀ kó tó yọ irúgbìn sọ́tọ̀. Ní ọdún tí ọmọ inú rẹ̀ bá lè di hóró márùn-ún mú láìjù wọ́n nù, kó gbé àgbàdo náà fún un, kó sì sọ orúkọ ẹni tó ni í fún un. Ọjọ́ náà ni n ó tó sọ pé ó ti san án.

Ó ti kà á sí mi létí. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni.

Àmì Gbádégẹṣin ọmọ Àkànní: àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, erùpẹ̀ àbà wà lára rẹ̀.

Ó ṣojú mi: Felicia, ọmọ ẹni tó gbé òkúta wá.

Ó ṣojú mi: Mobáyọ̀, tí kì í ṣe olè.